Kí Owó Ìrànwọ́ Tó Dé, Ọmọ Ti Padà Sílé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí sikọ́láṣíìpù ìjọba, bóyá ó ń jẹ́ kí ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù jọ dé yunifásítì. Orí tábìlì mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bá mi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́ agbaninímọ̀ràn ní ilé-ìwé girama ìjọba. Fáìlì kan wà lórí tábìlì mi tí mo kọ “Wọ́n gbà á” sí lára. Ìwé àwọn ọmọ tí yunifásítì fún láyè ni mo ń kó sínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ìkànnì JAMB, yóò sáré lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ilé kọ̀ǹpútà, yóò sì mú ẹ̀dà kan wá fún mi. Láyé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ni fáìlì náà jẹ́ fún mi. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò pupa sàmì sára àwọn ìwé kan. Àwọn ọmọ tó ni ìwé alámì pupa yẹn, wọ́n gbà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò lọ.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí n kò ní dárúkọ. Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jókòó ṣe WAEC, gbogbo rẹ̀ ló sì yege. JAMB rẹ̀ dára, wọ́n fún un láyè láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un láti fi san owó acceptance, ìyẹn owó tí ọmọ ń san láti fi hàn pé òun gba àyè náà. Ìyá rẹ̀ ti kó àjọ tirẹ̀ ṣáájú àkókò, owó àjọ náà ni wọ́n fi san WAEC, ìyókù ni wọ́n fi ra fọ́ọ̀mù JAMB. Ọmọ náà wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mà, ṣé kò sí sikọ́láṣíìpù kankan ni?” Mo mọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó yẹ kó lè gbà. A jọ ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù mi. Gbogbo wọn pátá ló ń béèrè nọ́ńbà matric, nọ́ńbà tí yunifásítì ń fún ẹni tó ti di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì wọlé kò lè ní nọ́ńbà matric, ẹni tí kò sì rówó san kò lè wọlé. Ó wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, àyè náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: inú ọgbà yunifásítì ni sikọ́láṣíìpù wa ti ń dúró de ọmọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu géètì ni àìlówó ti ń dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti kó àṣà yìí wá. Ní 1948, ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Hugh Foot, Akọ̀wé Àgbà Ìjọba nígbà náà, pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà yóò fi máa bọ́ sí ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba. Ìgbìmọ̀ náà dá a lábàá pé kí wọ́n pèsè sikọ́láṣíìpù àti àyè ẹ̀kọ́ṣẹ́ 385 láàárín ọdún mẹ́ta. Ọdún yẹn náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni, ọ̀pọ̀ ẹni tó tún ilẹ̀ yìí ṣe ló jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tí wọ́n fi ná owó náà: òṣìṣẹ́ ni ìjọba ń wá. Ọmọ tó mọ̀wé jù ni wọ́n fẹ́, kó lè jókòó sórí àga tí òyìnbó yóò fi sílẹ̀. Bóyá ilé olówó ni ọmọ náà ti wá tàbí ilé aláìní, kò sí nínú ìṣirò wọn. Títí di òní, sikọ́láṣíìpù wa ṣì jọ bàbá tó bí i.

Ẹ gbọ́ ti Chinua Achebe. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1948, sikọ́láṣíìpù ló fi wọlé láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Lẹ́yìn ọdún kan ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ó yí sí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀sìn. Bó ṣe yí báyìí ni sikọ́láṣíìpù náà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìjọba fún un ní bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Augustine, ní láti fi owó tó fẹ́ fi wálé fún ìsinmi sílẹ̀ fún un kó lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Inú mi máa ń dùn sí ẹ̀gbọ́n yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nínú àwa tó jókòó síbí, ẹ̀gbọ́n mélòó ló ní owó ìsinmi nílẹ̀ tó lè gbé fún àbúrò? Ibi tí kò bá sí ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, àìsí rẹ̀ nìkan ti tó láti pa ọ̀nà ọmọ dé.

Wàyí o, ọ̀nà mìíràn wà tí ìjọba gbà ṣe é nílẹ̀ yìí, tí kò jọ ti òyìnbó. Ní oṣù keje 1952, Stephen Awokoya, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé aṣòfin. Kò rọrùn o. Nígbà tí ìjọba Obafemi Awolowo bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì kan, lé àwọn ènìyàn lórí, ìlú gbaná jẹ. Ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, tó ń ta ko ti Awolowo, ló jáwé olúborí ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní ilẹ̀ Awolowo gan-an. Síbẹ̀ wọn ò fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ bíi 457,000. Ní 1955 wọ́n di bíi 811,000. Ọdún kan ṣoṣo!

Àwọn àgbà tó wà níbí rántí bí wọ́n ṣe ń wọlé. Wọn ò kọ fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ wá ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ lẹ́ni tí a ó ràn lọ́wọ́. Wọ́n á ní kó na ọwọ́ kọjá orí, kó fi kan etí òdìkejì. Bí ọwọ́ bá ti kan etí, ó di ọmọ ilé-ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ fi àwòrán ọwọ́ tó kọjá orí yẹn sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn kò dé yunifásítì. Owó ilé-ìwé girama ṣì ń dúró de ẹni tó bá parí ìwé mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló sì ti dúró. Àwọn ìlú fúnra wọn ló máa ń dáwó jọ nígbà náà láti rán ọmọ kan tàbí méjì lọ. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn Ibibio dáwó jọ ní 1938, wọ́n rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè òkun. Ìgbà ìjọba UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awolowo, láti 1979 ni àwọn ìpínlẹ̀ wa mú owó ìwé kúrò ní ilé-ìwé girama, tí wọ́n sì ń dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀: ti Adó-Èkìtì àti Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, ti Èkó ní 1983. Èmi gan-an, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìgbà náà ló bí mi sínú ìwé. Ẹ má bínú bí ohùn mi bá lọ sókè nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní 1977, ìjọba ológun Olusegun Obasanjo ti fagi lé owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni rògbòdìyàn “Ali Must Go” bẹ́ sílẹ̀, ní oṣù kẹrin 1978. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n fi owó kún owó oúnjẹ àti owó ibùsùn. Segun Okeowo ló ṣíwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Ahmadu Ali sì ni kọmíṣọ́nnà ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjà náà. Ọlọ́pàá àti sójà yìnbọn, ọmọ ọlọ́mọ kú. Owó ìwé ti di òfo nígbà yẹn o, oúnjẹ àti ibùsùn ló kù. Èyí tó ń lé ọmọ mẹ̀kúnnù kúrò ní ilé-ìwé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí lórí rìsíìtì owó ìwé. Ikùn ni, ilé ni, ọkọ̀ ni.

Síbẹ̀ owó ẹnu géètì náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU. Ní 2011, wọ́n gbé owó ìwé kúrò ní ₦25,000, wọ́n gbé e dé ₦193,750 fún àwọn kan, ₦348,750 fún àwọn kan. Àwọn tó ń wọlé dín kù gidi, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de títí, títí ó fi di oṣù kẹjọ 2014, tí Gómìnà Babatunde Fashola dá owó náà padà sí ₦25,000. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé yunifásítì kò nílò owó. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ń jìyà, ilé ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún mẹ́ta yẹn fi hàn mí ni pé kò sí sikọ́láṣíìpù tó dà bí owó géètì tí kò wọ́n. Kò nílò fọ́ọ̀mù, kò nílò ẹni tó mọ ẹnìkan. Ọwọ́ ọmọ lè tó owó yẹn bí ìgbà tó ń na ọwọ́ kan etí.

Ní 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Èkó, UNILAG, kéde pé owó tó jẹ́ ₦19,000 yóò di ₦126,325 fún àwọn tí kì í lo ilé ìwádìí, àti ₦190,250 fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n dín díẹ̀ kù níbẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba sọ pé kò gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ni o. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe owó náà, ìyá oní-gàrí kò sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ méjèèjì.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ti 1999, sọ ọ́ dáadáa. Abala 18 ní kí ìjọba rí i pé àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gba, ó sì tó, ní gbogbo ìpele. Ó tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀kọ́ yunifásítì ọ̀fẹ́. Ó wá fi gbólóhùn kan tì í: nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Abala 6 sì ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́, nítorí ó ní kò sẹ́ni tó lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí orí kejì ìwé òfin náà, níbi tí abala 18 wà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ dọwọ́ ẹni tó bá wà lórí oyè àti bí ọkàn rẹ̀ bá ṣe rí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń yan ẹni tí wọ́n ń fún ní sikọ́láṣíìpù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Àkọ́kọ́ ni máàkì. Àwọn sikọ́láṣíìpù ìjọba àti ti iléeṣẹ́ ńlá kan wà tó ń béèrè máàkì tó sún mọ́ first class, èyí tó jẹ́ 4.50 lórí 5.00. N kò bá ẹni tó mọ̀wé jà. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ méjì. Ọ̀kan lọ sí ilé-ìwé aládàáni tó ní ìmọ́lẹ̀ àti kọ̀ǹpútà, bàbá rẹ̀ gba olùkọ́ ilé fún un. Èkejì wà ní kíláàsì tí wọ́n tó ọgọ́rùn-ún, ó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́yìn ilé-ìwé, àfi ọjọ́ ìdánwò JAMB gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Nínú nǹkan bíi 1,950,000 ọmọ tó ṣe JAMB ní 2025, àwọn tí kò gba 200 nínú 400 lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Mo mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti wá, mo ti kọ́ wọn. Bí ọmọ kejì yìí bá sapá títí tó fi wọ yunifásítì, tó gba 3.60, ohun tó ṣe ju ti ẹni tó gba 4.60 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti yó ni sikọ́láṣíìpù yóò tún bu oúnjẹ fún.

Èkejì ni ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Èyí dùn mí jù. Bọ́sárì ìpínlẹ̀, ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ń fún. Ó dára, àbí? Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n bí sí Mushin, tó lọ ilé-ìwé ní Mushin láti kékeré, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ bírísópè tó ń san owó orí fún ìjọba Èkó. Bí bàbá bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ará Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn ni yóò ti lọ gba ìwé. Yóò wá owó ọkọ̀. Yóò dé kánsù, wọn yóò ní kó lọ wá baálé agboolé rẹ̀ kó wá jẹ́rìí sí i. Baálé kò mọ̀ ọ́n, nítorí ìgbà ìsìnkú bàbá àgbà nìkan ni wọ́n wá sílé. Ó lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìwé kan tó jáde. Ọmọ ọ̀gá ńlá kò ní rìnrìn àjò kankan. Bàbá rẹ̀ yóò pe ẹnìkan lórí fóònù, ìwé yóò dé ilé bá a. Ọmọ obìnrin tó ń dá tọ́mọ, tí bàbá ọmọ ti kúrò nílé, tirẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n ti ń tọ ìlú ọmọ. A sọ pé a fẹ́ ran ẹni tí kò ní ẹnìkan lọ́wọ́, a wá ní kó lọ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Mo mọ ọmọ kan tó jẹ́ pé bọ́sárì ọdún kejì rẹ̀, inú àgọ́ NYSC ló wà nígbà tí owó náà wọ àkáǹtì rẹ̀. Ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mà, wọ́n ti sanwó o!” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rántí pé ní ọdún kejì yẹn, orí ilẹ̀ ní yàrá ọ̀rẹ́ ló ń sùn. Àwọn tí ìjọba àpapọ̀ rán lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lábẹ́ àdéhùn ẹ̀kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè, ohun tójú wọn rí le ju ti ọmọ mi yìí lọ. Oṣù lórí oṣù ni owó oúnjẹ wọn kò fi dé, wọ́n wà ní ilẹ̀ tí kò sí àǹtí tàbí bùrọ̀dá tí wọn yóò sá tọ̀ lọ. Ní 2025, ìjọba kéde pé òun kò ní rán ẹlòmíì lọ mọ́ lábẹ́ ètò náà.

Ẹ ó ti máa rò ó pé, ṣé kò sí ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, báyìí ni? Ó wà, mo sì fẹ́ yìn ín níbi tó yẹ. Ilẹ̀ yìí ti gbìyànjú ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí: àjọ ẹ̀yáwó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, àti báǹkì ẹ̀kọ́ ti 1993. Ti àkọ́kọ́, owó tí wọ́n yá jáde kò padà wọlé. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023. Òfin yẹn ní kí owó tí ń wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún má ju ₦500,000 lọ, kó sì mú onídùúró méjì wá, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ipele 12 tàbí agbẹjọ́rò tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Mo ka òfin náà nígbà yẹn, mo gbé e sílẹ̀. Ta ni ọmọ oní-gàrí mọ̀ tó jẹ́ agbẹjọ́rò? Àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n sì gbọ́. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, ọ̀rọ̀ onídùúró àti ti ₦500,000 kúrò níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìkànnì rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà. Yunifásítì ni wọ́n ń san owó ìwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú ni sísan padà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ bá ti ríṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n sì ń yọ. Ní 2025, àwọn tó ti jẹ àǹfààní náà lé ní 500,000.

Ìyá kan sọ fún mi pé òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun gbà á. Ó ní, “Ẹ fẹ́ kí n fi ọmọ mi ṣe ìwọ̀fà?” N kò bá a wí. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ dúró nídìí gbèsè láyé àtijọ́ yóò mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé pé bí ọmọ kò bá ríṣẹ́, wọn ò ní wá ká a mọ́lé, ọmọ kò sì ní sin ẹnikẹ́ni. Ó gbà níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn mi. Ọmọ olówó yóò jáde láì jẹ kọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn, àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa wá iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀yáwó sàn ju kí ọmọ jókòó sílé lọ, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n gbà á. Síbẹ̀ n kò lè pè é ní ìdọ́gba. Àjọ náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ kéde ní 2025 pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan gba owó lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láì sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa ṣí àkáǹtì yín lórí ìkànnì náà wò, kí ẹ mọ iye tí wọ́n ti san lórúkọ yín.

Èyí tó sì jọ mí lójú jù ni pé ẹ̀yáwó náà kò tíì dé ẹnu géètì. Kí ọmọ tó lè béèrè fún un, ó gbọ́dọ̀ ti san WAEC, kó ti ra JAMB, kó ti ṣe ìdánwò yunifásítì, kí wọ́n sì ti gbà á.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ronú jinlẹ̀ lórí ẹnu géètì yìí, ibẹ̀ sì kàn wá. Ní ìlú Salvador, ní Bahia, ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ṣì ń pe Ṣàngó àti Yemọja, yunifásítì ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ UNEB bẹ̀rẹ̀ sí í ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní 2003, bí èyí tó wà ní Rio ṣe ń ṣe é. Wọ́n bú wọn, wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹrin 2012, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà fẹnu kò pé ètò náà bófin mu. Ní oṣù kẹjọ, òfin jáde pé ìdajì àyè ní gbogbo yunifásítì ìjọba àpapọ̀ yóò jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ka ilé-ìwé girama ìjọba. Nínú ìdajì yẹn, wọ́n tún ya ìdajì sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó ilé wọn kéré, wọ́n sì wo iye aláwọ̀ dúdú àti ọmọ onílẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè: ilé-ìwé wo lo lọ? Kò sẹ́ni tó ń wá baálé kiri. Ìwé ilé-ìwé girama ìjọba ló di ọwọ́ tó kan etí. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wọlé tán, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, ìjọba sì rí i. Ní 2013, wọ́n dá owó ìdúró-sílé-ìwé sílẹ̀, 400 reais lóṣù fún ọmọ tí kò ní, 900 fún àwọn ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ abúlé tí àwọn ẹrú tó sá dá sílẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa, ìpín ti wà lórí àyè ìgbàwọlé tẹ́lẹ̀: ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún máàkì, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, 20 fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbèrú níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ kọmíṣọ́nnà láti ìpínlẹ̀ tí kò gbèrú yóò gba àyè ìpínlẹ̀ rẹ̀, ọmọ oní-gàrí láti Èkìtì yóò dúró sí ẹ̀yìn ìlà. Kò sí ibì kan nínú ìṣirò yẹn tí wọ́n ti béèrè irú ilé-ìwé tí ọmọ ti wá.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá ń gbọ́ mi, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ọmọ tó bá ti lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé girama ìjọba ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ kà á sí ọmọ yín, ibikíbi tí bàbá àgbà rẹ̀ bá ti wá. Rẹ́jísítà tí a fi ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀ ti jẹ́rìí sí i, èmi ni mo máa ń máàkì rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà ìlérí fún un nígbà tó wà ní SS2, pé bí ó bá rí àyè, ìjọba yóò san owó acceptance rẹ̀ fún yunifásítì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ọ̀rọ̀ bọ́sárì tẹ̀ lé e. Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, láti 1990 ni wọ́n ti ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ aláìní nígbà tí wọ́n ṣì wà ní kíláàsì tó bá JSS wa mu. Ọmọ tó bá mọ̀ ní SS2 pé ọ̀nà wà níwájú, bó ṣe ń kàwé máa ń yàtọ̀. Mo máa ń rí i lójú wọn. Ọmọ tó ti gbà lọ́kàn pé kò sí owó, kì í dúró de yunifásítì kó lé òun; SS2 yẹn náà ló ti ń padà sílé.

Owó tí èyí yóò ná ìjọba kò pọ̀ tó owó bọ́sárì tó ń dé lẹ́yìn ọdún méjì. Àkókò ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwa náà kò káwọ́ gbera. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa bẹ̀rẹ̀ àpótí kan fún owó acceptance nìkan. Ọmọ mẹ́ta ló jẹ nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọmọ oní-gàrí náà wà lára wọn. Ó tún JAMB ṣe, wọ́n tún gbà á, ọjọ́ kẹrin la sanwó. Mo ti fi bírò búlúù kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì pupa àtijọ́ yẹn.

Bí a bá ti túká níbí, n ó wà ní kíláàsì SS3A títí di aago mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àyè, ẹ mú NIN, BVN àti nọ́ńbà JAMB yín dání, a ó jọ ṣí ìkànnì NELFUND. Ẹ̀yin òbí tí owó acceptance ń kọ lóminú, ẹ má tijú mi, ẹ má sì dúró di ọ̀la. Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọmọ yín hàn mí, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.